Fóònù Ò Bàjẹ́, Kí Ló Dé Tí WhatsApp Ò Ṣí Mọ́?

Kò sí ẹni tó ń tún fóònù ṣe láàárín Ketu sí Mile 12 ní Èkó tí wọn ò tíì gbé ẹjọ́ yìí wá bá rí. Oníbàárà á yọ fóònù nínú báàgì, á ní, “Ọmọ mi, bá mi wò ó.” Fóònù náà ń tàn. Bátìrì rẹ̀ ń gba iná, ojú rẹ̀ kò fọ́, bí ẹ bá pè é, á dún. Kámẹ́rà rẹ̀ ń ya fọ́tò, rédíò inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. WhatsApp nìkan ni kò ṣí. Tàbí kó ṣí, kó sì kọ ọ́ sójú fóònù pé òun ò bá irú fóònù yìí ṣiṣẹ́ mọ́. “Àná ni mo fi bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ o. Kò jábọ́, omi ò kàn án. Ta ló wá bà á jẹ́?”

Ẹnikẹ́ni ò bà á jẹ́. Èèyàn lè máa bínú sí ẹni tó tà á fún un, ó sì lè máa fura sí ọmọ tó fi ṣeré lálẹ́, ṣùgbọ́n fóònù ọ̀hún wà bó ṣe wà lánàá gan-an. Ohun tó wà níta fóònù ló yí padà.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 30 oṣù kẹfà 2017, WhatsApp kúrò lórí àwọn Nokia tó ń lo Symbian. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn, ó ti kúrò lórí BlackBerry, fóònù tí gbogbo Èkó fi ń yangàn nígbà kan, tí ọ̀dọ́ tí kò bá ní PIN, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn oní-BlackBerry fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó lè fún ẹlòmíì kì í lè fọhùn láàárín ẹgbẹ́. Ìparí 2018 kan àwọn Nokia kéékèèké tó ń lo S40, ìparí 2019 kan Windows Phone. Lẹ́yìn náà ló kan Android fúnra rẹ̀: ẹ̀dà 2.3.7 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní 1 oṣù kejì 2020, nígbà tó sì di 24 oṣù kẹwàá 2023, gbogbo Android tó kéré sí 5.0 ti bọ́ sílẹ̀. Àwọn oní-iPhone náà ò yọ nínú ẹ̀. Ní 5 oṣù karùn-ún 2025, WhatsApp kọ gbogbo iOS tó kéré sí 15.1, bẹ́ẹ̀ ni iPhone 5s, iPhone 6 àti 6 Plus ṣe kúrò nínú àwùjọ.

Ká tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń lọ nínú fóònù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan àwòrán áàpù kan. Ọ̀pọ̀ wa rò pé áàpù náà ló ń ya fọ́tò, pé òun ló ń gbọ́ ohùn wa, òun náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Rárá o. Áàpù kì í fọwọ́ kan kámẹ́rà, kì í sì í bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ètò kan wà láàárín òun àti àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyẹn, òun ni mo máa pè ní ètò alákòóso. Android ni ètò alákòóso inú Tecno, Infinix, itel àti Samsung. iOS ni ti iPhone. Windows ni ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní àwọn business centre tó wà káàkiri Ikosi.

Ẹni tó bá ti ra tòmátò láti orí ọkọ̀ ní Mile 12 mọ irú ẹni tí ètò alákòóso jẹ́. Ọkọ̀ ti Òkè Ọya dé. Ẹni tó lẹrù lè má gbọ́ Yorùbá, oníbàárà tó ti Ketu wá lè má gbọ́ Hausa, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ kí oníbàárà gun ọkọ̀ lọ máa tú apẹ̀rẹ̀ kiri. Alárinà ló wà níbẹ̀. Oníbàárà á ní, “Bá mi mú apẹ̀rẹ̀ méjì, èyí tó le dáadáa o,” alárinà á yíjú sí ọlọ́jà, á sọ ọ́ lédè tí ìyẹn gbọ́, ẹrù á sọ̀ kalẹ̀, owó á kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo káràkátà yìí dúró lé: alárinà gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ohun tí oníbàárà ń béèrè. Bí oníbàárà bá dárúkọ ẹrù tí alárinà kò gbọ́ rí, ì báà wà lórí ọkọ̀ níbẹ̀, kò ní í sọ̀ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú fóònù. Áàpù á ní kí Android bá òun ya fọ́tò, Android á gbé iṣẹ́ náà fún kámẹ́rà, á gba àwòrán, á fi lé áàpù lọ́wọ́. Android ní àkójọ iṣẹ́ tó mọ̀: orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń béèrè rẹ̀, àti ohun tí yóò dá padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ ló wà nínú àkójọ yìí, ọdọọdún ló sì ń gùn sí i bí Google ṣe ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Kí àríyànjiyàn má baà sí nípa ohun tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ̀, wọ́n fún àkójọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, èyí tí mo máa pè ní ipele. Android 4.4 tó jáde ní 2013 wà ní ipele 19. Android 5.0 ti 2014 wà ní ipele 21, Android 6.0 ti 2015 wà ní 23, Android 14 ti 2023 sì wà ní 34.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka. Kí Android 6.0 tó dé, kò sí iṣẹ́ kankan nínú àkójọ náà tó ń jẹ́ “yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìka ẹni tó ni fóònù nìyí”. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi ibi ìtẹ̀ka sára fóònù wọn ṣáájú ìgbà náà, Samsung ṣe é sára Galaxy S5 ní 2014, ṣùgbọ́n kálukú ló ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbà tí ipele 23 dé ni Android sọ ọ́ di iṣẹ́ tí gbogbo áàpù lè béèrè lọ́nà kan náà. Bí áàpù báńkì bá wá lọ béèrè rẹ̀ lórí Android 5.0 láìwo iwájú wẹ̀yìn, orúkọ tí alárinà kò gbọ́ rí ló ń pè yẹn. Alárinà inú fóònù kì í sì í ní sùúrù bíi ti Mile 12. Kì í ní, “Ẹ tún un sọ.” Ṣe ni áàpù máa kú lójú ẹsẹ̀, tí ẹ ó kàn bá ara yín níbi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí irú èyí má baà máa ṣẹlẹ̀, ẹni tó kọ áàpù máa ń kọ nọ́ńbà kan síwájú ẹrù rẹ̀: ipele tó kéré jù tí mo lè bá ṣiṣẹ́ rèé. Play Store á ka nọ́ńbà náà, á fi wé ti fóònù yín. Bí ti fóònù yín ò bá tó o, á ní fóònù yín kò bá ẹ̀dà yìí mu, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ó tẹ̀ láti gbà á. Àwọn tó ń fi Xender gba áàpù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí dátà má baà jẹ wọ́n lówó mọ ojú mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ní: Parse error. Èèyàn á rò pé fáìlì ti bàjẹ́ lọ́nà, á ní kí ọ̀rẹ́ tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lóòótọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ipele fóònù ọ̀rẹ́ ló ga ju tiyín lọ. Tiyín ka nọ́ńbà iwájú ẹrù, ó sì ní òun ò gbé e. Ẹ fi ránṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdáhùn kan náà ni.

Oníbàárà tí ojú rẹ̀ là á wá béèrè pé: ṣé àwọn tó kọ WhatsApp ò mọ̀ pé Android àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn ni? Ṣé wọn ò lè máa bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tó gbọ́? Wọ́n lè ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é. Inú gbogbo áàpù ńlá kún fún ìbéèrè yìí: ipele wo lo wà? Bó bá jẹ́ 23 sókè, ṣe é báyìí. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gba ọ̀nà àtijọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tuntun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ fi kún áàpù, wọ́n á dán an wò lórí fóònù òní, wọ́n á tún dán an wò lórí ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pẹ̀lú àyè ìrántí rẹ̀ tó kéré. Bí ihò kan bá sì wà nínú ètò alákòóso àtijọ́ tí olè lè gbà wọlé, WhatsApp ò lè dí i, torí inú Android ni ihò náà wà, Google ò sì tún ẹ̀dà yẹn ṣe mọ́.

WhatsApp fúnra wọn sọ bí àwọn ṣe ń pinnu: lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń wo fóònù àti ètò alákòóso tó pẹ́ jù, tí àwọn tó ń lò ó sì kéré jù. Iye èèyàn ló ń dájọ́. Ibi tó ń ká mi lára nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ni wọ́n ń kà pọ̀. Ẹni tó fi fóònù ọdún mẹ́jọ ta ata rẹ̀ lówùúrọ̀ òní ní Mile 12, ara ìdá kékeré tí wọ́n lè gé ni wọ́n ka òun sí. Mi ò sọ pé wọ́n jẹ̀bi o. Mo kàn ń sọ pé kò sẹ́ni tó bi ọjà léèrè.

Ìbéèrè tó le jù ló kù. Ká ní ẹ ti ní WhatsApp lórí fóònù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò sì gba tuntun. Ohun tí áàpù yẹn ń béèrè lọ́wọ́ Android kò yí padà, Android náà kò yí padà. Kí ló wá dé tí ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá ò ṣiṣẹ́ lónìí?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ní Alápẹ́rẹ̀ kì í lọ tààrà sórí fóònù ẹni tó wà ní Ikosi. Ó ń kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ti WhatsApp, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, kó tó padà wá sí Ikosi. Àdéhùn méjì ni áàpù náà wà nínú rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú Android tó wà lọ́wọ́ yín, ìkejì pẹ̀lú sáfà tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ lè di àkọ́kọ́ mú kó má yí padà, ẹ kàn máa kọ gbogbo update. Ẹ ò lè di ìkejì mú. Ní oṣù kẹrin 2016, WhatsApp sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ kọjá di àdìtú láti fóònù dé fóònù, débi pé àwọn fúnra wọn ò lè kà á. Irú àdìtú bẹ́ẹ̀ gba kí áàpù ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó ń kà á mọ ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń dì í, tí wọ́n sì fi ń tú u. Ẹ̀dà àtijọ́ tó bá takú sí ọ̀nà tirẹ̀ á wulẹ̀ máa gba ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Nítorí náà ni WhatsApp ṣe ń fi ọjọ́ ìparí sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ náà bá ti pé, áàpù á ní ẹ̀dà yìí ti parí, ẹ lọ gba tuntun. Tuntun tí ẹ fẹ́ lọ gbà kò sì gba Android yín. Ibi tí okùn ti já nìyẹn, ohun tí oníbàárà wa kò sì rí nìyẹn nígbà tó ń wá ẹni tó ba fóònù òun jẹ́.

Àwọn ọmọ kan ti mọ ọgbọ́n kan: kí wọ́n dá déètì fóònù padà sẹ́yìn, kí áàpù má baà mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. WhatsApp máa ń já irọ́ yìí, á ní déètì yín kò tọ́. Ìyẹn nìkan sì kọ́ ni déètì èké ń bà jẹ́. Ẹ gbìyànjú láti ṣí ìkànnì báńkì yín pẹ̀lú fóònù tó rò pé 2019 la ṣì wà, fóònù á kígbe pé ìsopọ̀ náà kò ní ààbò. Ìdí rẹ̀ ni pé kí fóònù tó gbà pé báńkì tòótọ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó máa ń ní kí ìkànnì náà mú ìwé ẹ̀rí wá. Ìwé ẹ̀rí náà ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ó sì ní òǹtẹ̀ ẹni tó fún un. Ẹni yẹn náà ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tí ẹlòmíì fi òǹtẹ̀ lù, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí yóò fi kan ẹni tí fóònù ti mọ̀ látilé. Ẹni tó wà ní ìparí yìí là ń pè ní gbòǹgbò. Láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ni wọ́n ti kọ orúkọ àwọn gbòǹgbò sínú ètò alákòóso. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ lọ́dún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú fóònù tó wà ní 2019, ló ṣe kọ̀ ọ́.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bá mi dúró díẹ̀, nítorí ìtàn kan wà tó dára. Let's Encrypt ni àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ayé ní 2015. Nígbà náà, kò sí fóònù tó mọ gbòǹgbò tirẹ̀, ló bá fara ti àgbà kan, IdenTrust, tí àwọn fóònù ti mọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àgbà yẹn máa parí ní 30 oṣù kẹsàn-án 2021. Gbòǹgbò ti Let's Encrypt fúnra rẹ̀ sì ti wọ inú Android, àmọ́ láti ẹ̀dà 7.1.1 ni. Ní oṣù kọkànlá 2020, àjọ náà kéde pé ìdá 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún Android tó wà lọ́wọ́ èèyàn ló ṣì ń lo ẹ̀dà tó ṣáájú 7.1. Ìdá kan nínú mẹ́ta! Bí ọjọ́ bá pé, wọn ò ní í lè ṣí àìmọye ìkànnì, láìṣẹ̀ láìrò.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣàkíyèsí pé àwọn Android àtijọ́ ní ìwà kan: wọ́n máa ń yẹ ọjọ́ ìparí gbogbo ìwé ẹ̀rí wò, àyàfi ti gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá ti parí, wọn ò bìkítà. IdenTrust bá fi gbòǹgbò àgbà náà lu òǹtẹ̀ sórí ìwé tuntun ọlọ́dún mẹ́ta, ìwé tí ẹ̀mí rẹ̀ máa gùn ju ti gbòǹgbò tó fọwọ́ sí i lọ. Android àtijọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fóònù ṣe rí ọdún mẹ́ta sí i, títí di oṣù kẹsàn-án 2024, nítorí ohun tí àwọn tó kọ Android mọ̀ọ́mọ̀ yàn láti má yẹ̀ wò. Ẹni tí fóònù rẹ̀ wà ní ipò yẹn nígbà náà tún lè lo Firefox, torí Firefox kì í béèrè gbòǹgbò lọ́wọ́ Android. Tirẹ̀ ló ń gbé kiri.

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni áàpù tuntun lórí fóònù àtijọ́. Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: áàpù àtijọ́ lórí fóònù tuntun. Èyí ló yẹ kó rọrùn, torí alárinà tuntun kàn ní láti rántí ohun tí alárinà àtijọ́ mọ̀. Ìbáramu sẹ́yìn ni mo pè é. Microsoft fẹ́ràn ìbáramu sẹ́yìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àrùn. Joel Spolsky, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, kọ nípa rẹ̀ ní 2004. Eré kọ̀ǹpútà kan wà, SimCity, tí wọ́n kọ fún Windows ìgbà àtijọ́. Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀: ó máa ń dá àyè ìrántí padà fún Windows, kó sì tún padà lọ ka ohun tó fi síbẹ̀. Lórí Windows ìgbà náà, kò séwu, torí kò sẹ́ni tó tètè ń gba àyè ọ̀hún. Lórí Windows 95, wọ́n tètè ń gbà á, SimCity á sì kú. Kí àwọn Microsoft má ṣe ní kí oníbàárà lọ ra eré tuntun, wọ́n kọ ọ́ sínú Windows 95 fúnra rẹ̀ pé: bó bá jẹ́ SimCity ló ń ṣiṣẹ́, má tíì gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ètò alákòóso, nítorí eré kan.

Ṣùgbọ́n ìbáramu sẹ́yìn náà ní ewu, Android sì ti rí i. Kí Android 6.0 tó dé, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba áàpù ni yóò to gbogbo ohun tó fẹ́ wò sílẹ̀, ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀. Láti 6.0, áàpù gbọ́dọ̀ béèrè lójú iṣẹ́: ṣé mo lè lo kámẹ́rà, ṣé mo lè ka orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù yín? Kí àwọn áàpù àtijọ́ má baà kú, Android ní áàpù tó bá kọ ọ́ síwájú ẹrù rẹ̀ pé ti ayé ìṣáájú lòun ń ṣe, kó máa lo ìlànà ìṣáájú. Àwọn olè bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ áàpù tuntun kí wọ́n sì pe ọjọ́ orí rẹ̀ ní ti àtijọ́, kó lè ráyè wọlé láìbéèrè. Nígbà tí Android 14 dé ní 2023, Google ti ilẹ̀kùn náà: áàpù tó bá ní ipele tí wọ́n kọ òun fún kò tó 23 kò lè wọlé sórí fóònù náà mọ́. Bí ẹ bá ra fóònù tuntun tí eré ọmọ yín ti 2014 kọ̀ láti wọlé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ti kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ púpọ̀. Windows 7 parí ní 14 oṣù kìíní 2020, Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Kọ̀ǹpútà kò kú lọ́jọ́ náà, àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ni ó dáwọ́ dúró. Windows 11 sì ń béèrè ṣípì ààbò kan, TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà láwọn business centre kò ní. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti pẹ́ kó ṣọ́ra kó tó gun Windows tuntun, torí ètò kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè má bá a lọ.

Ó ku ìbéèrè kan tí oníbàárà kì í gbàgbé: kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé Android fóònù mi ga? Google ló ń kọ Android, ṣùgbọ́n kì í fi ránṣẹ́ sí yín tààrà. Ẹni tó ṣe ṣípì inú fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un bá ṣípì rẹ̀ mu, ẹni tó ṣe fóònù á tún tún un ṣe, á dán an wò, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní kò sí èrè níbẹ̀ mọ́, ó parí. Láti Android 8.0 ní 2017 ni Google ti ya apá tó jẹ́ ti ṣípì sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ náà lè fúyẹ́, ó sì ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, owó ló ń pinnu. Samsung ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24 tó gbé jáde ní 2024, Google ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pixel 8. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí ju ẹ̀dà tuntun kan tàbí méjì lọ, òmíràn kì í rí ẹyọ kan.

Ẹ wá wo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ ìyá aláta. GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù tí wọ́n rà nígbà náà, bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì ń gba iná, ṣì lè pè. Ó sì lè fowó ránṣẹ́! Nígbà tí owó bébà di góòlù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, irú fóònù yìí wúlò gan-an, wọ́n á tẹ *737# ti GTBank tàbí *894# ti First Bank, owó á sì rìn. Fóònù náà kò mọ ohunkóhun nípa báńkì. Nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ ló gbé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá báńkì sọ̀rọ̀, ó dá ọ̀rọ̀ padà, fóònù gbé e sójú. Iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, àwọn tó ṣe GSM sì kọ iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí Android, wọn ò sì tún un tò mọ́. Kò sí àwòrán, kò sí ìtẹ̀ka, lẹ́tà 182 ni ọ̀rọ̀ kan lè gbà mọ. Ohun tí kò dàgbà kò ní í ṣá àwọn tó ń bá a rìn tì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra fóònù ní Ketu, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní UK used, ẹ má fi dídán ojú rẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Settings, kó wọ About phone, kó sì fi Android version hàn yín. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò kẹ́yìn wọlé. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ju ọdún méjì lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe fóònù náà ti gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí WhatsApp gé àwọn Android àtijọ́ ní 2023, ó ṣì gba 5.0, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ 2025, Chrome tuntun kò gba ohun tó bá kéré sí Android 10. Ẹ fi 10 ṣe ààlà yín, kí ẹ sì dúnàá-dúrà fún ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sún mọ́ etí, kó fi àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ̀ pa mọ́ sórí Google Drive nígbà tí áàpù ṣì ń ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun máa fi GBWhatsApp tàbí ẹ̀dà kan tí òun rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá yín gbé fóònù yín dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀ fún un. WhatsApp máa ń ti nọ́ńbà àwọn tó bá lo irú rẹ̀ pa, ẹ ò sì mọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀.